Kí ni dispatch nínú iṣẹ́ tírélà, kí ló sì máa ń bà á jẹ́?

Tí ènìyàn bá sọ "dispatch" l'Ékòó lónìí, ọmọkùnrin orí ọ̀kadà tó so àpótí mọ́ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tó gbọ́ ọ. Orúkọ kan náà ni, iṣẹ́ ló yàtọ̀. Lọ́dọ̀ àwa tó ń fi tírélà kó ẹrù, dispatch ni iṣẹ́ ẹni tó ń pinnu ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù, dírẹ́bà tí yóò wà á, ọ̀nà tí yóò gbà, ọjọ́ tó yẹ kó dé, àwọn tí yóò já ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀, àti ohun tí ọkọ̀ yóò gbé bọ̀ wálé. Dispatcher là ń pe ẹni náà. Kì í wa ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe òun ló ni ín. Ìdí fóònù àti ìwé ló jókòó sí. Síbẹ̀, bí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, tírélà mẹ́wàá lè máa wọlé máa jáde lójoojúmọ́ kí ọlọ́kọ̀ má rí owó pààrọ̀ táyà kan.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí ó sì ti hàn sí mi kedere ni pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní wàhálà ojú ọ̀nà, inú ọ́fíìsì ló ti ṣẹ̀ wá. Ìbéèrè kan wà tó yẹ ká bi kí ọkọ̀ tó ṣí, a kò bi í. Ọkọ̀ wá lọ bá ìdáhùn rẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹ̀ sí mi lọ́wọ́. A kó 600 àpò ìyẹ̀fun ní Àpápá, alákìlò 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tọ́ọ̀nù 30, Ìlọrin ni wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ gbéra ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó dé Ìlọrin ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo pe dírẹ́bà, ẹni tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n ti ń já a?"

"Màdáámù, ilẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n ti lọ sí Jímọ̀, alágbàárù kankan ò sí nílẹ̀. Mẹ́gáàdì ní ó di ọjọ́ Ajé."

Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi sun inú ọkọ̀ pẹ̀lú mọ́tò-bọ́ì rẹ̀. Ẹrù tí mo ti bá ẹnìkan ṣàdéhùn láti gbé bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ mìíràn gbé e lọ. Mo fẹ́ bínú sí oníbàárà, àmọ́ kí ni mo fẹ́ wí? Ó ti pẹ́ tí wọn kì í ti í gba ẹrù ní ọ̀sán Jímọ̀, ẹni tó bá sì bi wọ́n ni wọ́n ń sọ fún. Èmi ni mi ò béèrè. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ mi kì í kúrò ní géètì láìjẹ́ pé mo ti mọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí yóò gba ẹrù, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń gbà á, iye àwọn tí yóò já a, àti ẹni tí yóò san owó wọn. Fóònù ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

Ohun kejì tí a ṣe ni pé a kọ owó ìdúró, èyí tí gbogbo wa ń pè ní demurrage, sínú àdéhùn kí á tó gbé ẹrù: ọjọ́ tí ọkọ̀ lè fi dúró lọ́fẹ̀ẹ́, àti iye tí oníbàárà yóò máa san lójúmọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí ọkọ̀ ti sun oorun ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ owó náà sílẹ̀, ìjà ló máa dà. Tó bá ti wà lákọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé alágbàárù á yára dé.

Èyí tó ń jẹ owó jù ni àbọ̀ òfìfo. Láti Èkó dé Káńò tó nǹkan bí kìlómítà 1,000. Ká ní tírélà kan ń jó lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní kìlómítà méjì ààbọ̀, lítà 400 ló máa jó lálọ. Bó bá ń bọ̀ lófìfo, ó lè dín díẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó máa san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Owó àlọ ni yóò gbọ́ bùkátà àlọ àti àbọ̀, kí a tó wá sọ ti táyà, ti dírẹ́bà, ti ọ̀nà.

Ẹrù tó ń tinú Èkó lọ sókè ọya pọ̀ lọ́dún yípo, nítorí pé èbúté wà níbí, ilé iṣẹ́ sì pọ̀. Ẹrù tó ń tòkè ọya bọ̀ ní àsìkò tirẹ̀. Tòmátì máa ń ya wá sí ọjà Máìlì 12 nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀wà, ọkà bàbà àti yànmọ̀tí máa ń pọ̀ lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ata ilẹ̀ wà ní gúúsù Kàdúná, apá Káfáńṣán. Dispatcher tí kò mọ oṣù tí wọ́n ń kórè ohun kọ̀ọ̀kan dà bí ọlọ́jà tí kò mọ ọjọ́ ọjà. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ irú ẹrù tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu. Ọkọ̀ tó gbé màlúù wá lónìí kò ṣeé kó ìyẹ̀fun sí lọ́la, àfi tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tó sì gbẹ. Tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ kò sì ní sùúrù fún dírẹ́bà tó fẹ́ yà kí ẹbí.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé a máa ń dúró kí ọkọ̀ já ẹrù tán ní Káńò kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹrù àbọ̀. Nígbà yẹn, àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì inú páàkì ti mọ̀ pé ojú ń kán ọ, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa pè. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ń kúrò l'Ékòó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìpè. Bí ọ́fíìsì kò bá sì wá a, dírẹ́bà fúnra rẹ̀ á wá a, á gbé ẹrù àti èrò tí ìwọ kò mọ̀ nípa rẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wọn lójú ọ̀nà ni ìwọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà nínú ọkọ̀ rẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ni kí ẹ máa fi ṣírò owó, ẹ má fi tíríìpù ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹrù kan máa mú náírà 900,000 wá, àmọ́ ọjọ́ mẹ́fà ni ìdúró àti ìrìn rẹ̀ máa gbà. Òmíràn máa mú 700,000 wá ní ọjọ́ mẹ́rin. Ojú ẹni á kọ́kọ́ lọ síbi 900,000. Àmọ́ 150,000 ni tàkọ́kọ́ ń mú wá lójúmọ́, 175,000 ni ti èkejì. Àwọn ọlọ́kọ̀ tí mo mọ̀ tí wọ́n ta ọkọ̀ wọn nígbà tí nǹkan le, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dúró de ẹrù olówó ńlá.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àsìkò dáadáa, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń mójú tó, kò gba tírélà láyè láti sáré ju kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ, kódà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ pín kìlómítà 1,000 tó wà láàárín Èkó àti Káńò sí 60, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 17 tí ènìyàn máa fi wa ọkọ̀ láìjẹun, láìtọ̀, láìsùn. Kí a tó ka kòtò, àwọn ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró, àti àwọn apá ibi tí kò yẹ kí ènìyàn gbà lóru nítorí àwọn ajínigbé. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá ní "ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ ní Káńò", tí dispatcher sì dáhùn pé "kò sí wàhálà, sà", kì í ṣe òun ló máa ru ìlérí náà. Dírẹ́bà ló máa rù ú, ní aago mẹ́ta òru, pẹ̀lú obì lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi ń dá fún Káńò, mo sì ti pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀. Mi ò kábàámọ̀.

Ti èbúté Àpápá kò gbà wá lákòókò bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá rántí ìgbà tí tírélà ń tò láti ẹnu géètì dé Máìlì 2, tí dírẹ́bà ń fọ aṣọ sórí afárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 ni NPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn èbúté, bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ètò: ọkọ̀ á gba àyè sílẹ̀, á dúró nínú páàkì, ó di ìgbà tí wọ́n bá pè é kó tó kọrí sí èbúté. Ibi tí dispatcher ti ń ṣàṣìṣe ni pé á gba àyè kí ẹ̀jẹ́ǹtì tó parí ìwé kọ̀ńténà. Ọkọ̀ dé, ìwé ò dé, àyè náà lọ. Ìwé ni kí o kọ́kọ́ fojú rí. Kí o sì ti mú ọjọ́ tí kọ̀ńténà òfìfo máa padà mọ́ ìṣirò, torí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ni ín máa ń gba owó lójoojúmọ́ tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ bá ti kọjá.

Wébìlì náà, owó ni. Ìwé pélébé tí oníbàárà fọwọ́ sí pé ẹrù pé ni a fi ń gba owó wa. Mo ti rí èyí tí mọ́tò-bọ́ì ká sí abẹ́ ìjókòó, tí òjò wọlé bá a: ọwọ́ tí wọ́n fi sí i ti di ilà búlúù kan tó ṣàn dé ìsàlẹ̀, nọ́ńbà àpò kò ṣeé kà mọ́. Oṣù méjì la fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó san owó náà. Ní báyìí, dírẹ́bà kì í kúrò nínú ọgbà oníbàárà kó tó ya fọ́tò wébìlì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo sì gbọ́dọ̀ kà á kí n tó ní kó máa bọ̀. Tí àpò méjì bá dín, ibẹ̀ la ti máa yanjú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpè. Ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà dára, mo ń lò ó, àmọ́ kò lè sọ fún mi bóyá táyà ló fọ́ tàbí ara dírẹ́bà ni kò yá. Bẹ́ẹ̀ ni pípe ẹni tó ń wa tọ́ọ̀nù 30 ní ìgbà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, ewu ni. Àwa fẹnu kò sí ibi tí dírẹ́bà á ti dúró tí òun fúnra rẹ̀ á pè: Ògèrè, Ògbómọ̀ṣọ́, Jẹ́bbà, Kàdúná. Tí wákàtí tí mo dá fún ibì kan bá kọjá láìsí ìpè, ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù, Bàbá yẹn kan náà pè mí.

"Màdáámù, mo ti dé Jẹ́bbà o. Ojú mi ti wúwo, mo fẹ́ sùn síbí."

"Ẹ sùn dáadáa, Bàbá. Ọ̀túnla ni wọ́n ń retí yín. Àlùbọ́sà tí ẹ máa gbé bọ̀ ti wà nílẹ̀, mo ti bá Alhaji sọ̀rọ̀."