Ewéko etí omi tí kì í tanná, tí kì í so

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ewéko kan bo ara ògiri Erédò, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lọ́hùn-ún níhà Òkè-Ẹ̀rí, ewé rẹ̀ dà bí ìyẹ́ ẹyẹ. N ò rí òdòdó rẹ̀ rí, n ò rí èso. Mo wá yí ewé kan padà, àmì róbótó-róbótó pupa rẹ́súrẹ́sú tò lábẹ́ rẹ̀. Ṣé àrùn ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àrùn o, àbúrò. Fern ni, inú àwọn àmì yẹn ló ń tọ́jú ohun tó fi ń bímọ sí. Já ewé kan tó ti gbó, tẹ́ ẹ sórí bébà funfun, kí abẹ́ rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, gbé e kúrò, wàá bá eruku tó kúnná bí aáṣáà lórí bébà. Spore nìyẹn. Atẹ́gùn ló ń gbé e kiri.

Bí ó bá bọ́ síbi tó tutù, fern kọ́ ló máa kọ́kọ́ hù. Ewé pẹlẹbẹ kan ni, kò tó èékánná ọmọ ìka, ó rí bí ọkàn tí wọ́n ń yà sára káàdì. Ara ewé yìí ni akọ àti abo wà, akọ sì gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ kó tó débi tí abo wà! Omi bí ìrì ti tó o. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, wọn ò lè pàdé. Hofmeister, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ló kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ yékéyéké ní 1851.

Ìbéèrè: Ìyẹn ló ṣe ń wá ẹ̀bá omi?

Ìdáhùn: Òun gan-an ni. Erédò jìn tó mítà 20 níbòmíràn, igi bò ó lórí, ògiri rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Ìbátan rẹ̀ kan, Adiantum capillus-veneris, wà ní Grand Canyon, àfonífojì ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ gbígbẹ, oòrùn gangan ni ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí omi bá ti ń sun lára àpáta, ibẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ọ̀pá ewé rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí irun tí wọ́n fi àdín pa. Da omi sí i, omi á yọ̀ dànù, ewé ò ní rin. Ohun tí àwọn Gíríkì rí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní Adiantum, èyí tí omi kì í rin.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gbìn ín sílé?

Ìdáhùn: O lè gbìn ín, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má hú u lára Erédò, ògiri á máa ya. Wá a létí odò, hú u tòun ti gbòǹgbò, gbìn ín síbòji. Ti ìyá wa àgbà, ìdí àmù ló wà, omi tó ń kán lára àmù ló ń mu.