Bí Wọ́n Ṣe Ń Mu Tíì ní Ilé Dim Sum ní Guangzhou àti Hong Kong

Nígbà tí àwọn ará Guangzhou àti Hong Kong, ní gúúsù China, bá fẹ́ lọ jẹ dim sum, ìyẹn oríṣiríṣi oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú tíì, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ń lọ yum cha, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "mu tíì" lọ. Àlejò tó bá rí bí oúnjẹ ṣe kún orí tábìlì lè rò pé ẹ̀nà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí. Tíì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó, iye ènìyàn tó wà nídìí tábìlì ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn kò fi ẹnu kàn án. Àwọn àgbà ṣì máa ń pe ìwọ̀n tó tó ẹni tó dá wá ní "abọ́ kan, ẹyọ méjì," ìyẹn abọ́ tíì onídèérí kan àti oúnjẹ kéékèèké méjì. Èyí tó kù nínú ètò ilé náà, àmì ọwọ́, àmì ìdérí àti àmì orí káàdì ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ níbẹ̀.

Ní àwọn ilé tíì àtijọ́, kò sí ẹni tí yóò mú àlejò lọ sí ibi ìjókòó. Ẹni tó bá wọlé ni yóò fojú wá tábìlì tí àwọn tó wà níbẹ̀ ti fẹ́ parí, yóò dúró sẹ́yìn wọn títí wọn yóò fi dìde, kò sì sí ẹni tí yóò kà á sí àfojúdi. Bí àga kan ṣoṣo bá ṣófo láàárín àwọn tí kò mọ ara wọn rí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ní kí ó jókòó sí. Daap toi ni wọ́n ń pe irú àjọjókòó bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá òde òní, nọ́ńbà ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Luk Yu, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hong Kong ní ọdún 1933, wà lára àwọn ilé àtijọ́ tó ṣì lókìkí. Orúkọ Lu Yu, ọkùnrin tó kọ ìwé lórí tíì ní sẹ́ńtúrì kẹjọ, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ irú tíì tí yóò béèrè lè sọ pé bo lei. Tíì dúdú ni, tí wọ́n ti fi pamọ́ pẹ́, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí wọ́n gbà pé kì í jẹ́ kí oúnjẹ ọlọ́ràá wúwo nínú. Heung pin ní òórùn òdòdó jásímìnì, sau mei fúyẹ́ lẹ́nu, tit gun yam sì wà láàárín sau mei àti bo lei. Ẹni tó bá ń retí mílíìkì àti ṣúgà yóò retí títí.

Tíì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dà kì í ṣe mímu. Òun ni wọ́n fi ń ṣan ife, abọ́ àti igi ìjẹun méjèèjì, wọ́n á sì da omi rẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá tó wà lórí tábìlì. Láyé àtijọ́, ìmọ́tótó ni ìdí rẹ̀. Lónìí, àṣà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó kéré jù nídìí tábìlì ni ó yẹ kí ó gbé ìkòkò, kí ó bu fún àwọn àgbà àti àwọn yòókù kí ó tó bu tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bu tíì fún kì í fi ẹnu dúpẹ́. Yóò tẹ ìka méjì, yóò sì fi wọ́n kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Wọ́n ní Qianlong, ọba ilẹ̀ China, tó wà lórí oyè láti ọdún 1735 sí 1796, máa ń rìn kiri bí aráàlú lásán, pé lọ́jọ́ kan ó bu tíì fún ìránṣẹ́ rẹ̀, àti pé ìránṣẹ́ náà, tí kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àṣírí ọba má bàa tú, fi ìka rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí ènìyàn kò fi lè gba nǹkan lọ́wọ́ ọba lóòró.

Bí omi bá tán nínú ìkòkò, ẹnikẹ́ni kì í pariwo pe òṣìṣẹ́. Wọ́n á ṣí ìdérí ìkòkò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó bá ń kọjá yóò sì rọ omi gbígbóná sí i.

Oúnjẹ ní tirẹ̀ máa ń wá lórí ọmọlanke kékeré, níbi tí wọ́n bá ṣì ń lò ó. Obìnrin tó ń tì í yóò máa kígbe orúkọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àlejò yóò nawọ́ sí èyí tó fẹ́, obìnrin náà yóò sì lu òǹtẹ̀ sórí káàdì tábìlì náà. Orúkọ oúnjẹ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ owó rẹ̀. Ìpele ni: kékeré, àárín, ńlá àti àkànṣe. Àwọn oníbàárà àtayébáyé kì í dúró de ọmọlanke. Wọ́n á mú káàdì wọn, wọ́n á lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, nítorí pé ohun tó dára jù ti máa ń tán kí ó tó dé igun yàrá. Ní ọ̀pọ̀ ilé mìíràn, ìwé pélébé ni wọ́n ń fi pẹ́ńsù sàmì sí, tàbí kí wọ́n fi fóònù ṣe é, èyí tó rọrùn ṣùgbọ́n tí kò gbádùn mọ́ni tó bẹ́ẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ wá, ọparun ni wọ́n fi hun ún, kì í sì ṣe nítorí ẹwà. Lábẹ́ ìdérí irin, ooru máa ń di omi, á sì máa kán lé oúnjẹ lórí títí yóò fi rà. Ọparun máa ń fa omi náà mu, ó sì ń jẹ́ kí ooru tó pọ̀ jù gba àárín rẹ̀ jáde. Har gow ni wọ́n fi ń dán alásè wò. Sítáàṣì àlìkámà tí wọ́n fi omi híhó pò ni awọ rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ ńlá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi di edé, wọ́n á sì ṣẹ́ ẹ létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá jinná, edé inú rẹ̀ yóò máa hàn látìta, awọ náà kò sì gbọdọ̀ ya nígbà tí wọ́n bá fi igi ìjẹun gbé e. Ẹsẹ̀ adìẹ, fung zaau, ni àlejò máa ń sá fún jù: wọ́n á dín in, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí awọ rẹ̀ lè wú, wọ́n á sè é, wọ́n á sì tún fi ooru sè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá mọ pọ̀nmọ́ jẹ kò ní bá a jà. Lo mai gai sì jẹ́ ìrẹsì tó máa ń lẹ̀, tí wọ́n fi ewé tó jọ ewé òṣíbàtà dì. Bí ti mọ́ínmọ́ín eléwé, a kì í jẹ ewé náà.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wọ ibi tí ojú kò rò. Ó wà nínú siu mai, ẹran tí wọ́n fi awọ ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì láìbo orí rẹ̀, òun ni ó wà nínú char siu bao, búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n fi ooru sè, ọ̀rá rẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú har gow tí edé nìkan ń hàn lára rẹ̀. Oníṣòwò Mùsùlùmí láti Èkó tó lọ kó ọjà ní Guangzhou gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó jẹ. Bó bá gba Hong Kong kọjá, ilé oúnjẹ kan wà nínú mọ́ṣáláṣí Ammar ní Wan Chai tí wọ́n ti ń se dim sum hàláàlì.

Láàárọ̀ kùtù àti lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ilé tíì máa ń dín owó oúnjẹ kù. Nígbà ìṣirò, wọ́n á ka òǹtẹ̀ orí káàdì, wọ́n á fi owó tíì kún un, ní Hong Kong wọ́n á sì sábà fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún iṣẹ́. Maai daan ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè ìṣirò náà. Àwọn tó jọ jẹun máa ń jà sí ẹni tí yóò san án, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ san án lóòótọ́ máa ń dọ́gbọ́n mú káàdì, á ní òun ń lọ sí ilé ìtọ̀, á sì gba ọ̀dọ̀ agbowó kọjá.