Orúkọ àbísọ ní ilẹ̀ Òkun

Orúkọ àbísọ ní ilẹ̀ Òkun ni orúkọ tí àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí ń sọ ọmọ wọn: àwọn Ìyàgbà, Owé ní Kàbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Kíkí tí wọ́n ń kí ara wọn, "Òkun o", ni a fi ń pe gbogbo wọn. Orúkọ ibẹ̀ ti yí padà púpọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àmọ́ apá iwájú orúkọ ni ìyípadà náà pọ̀ sí.

Orúkọ oní-Mè

Mepaiyeda, Metiboba, Melaye: irú orúkọ ìdílé báyìí kì í wọ́n ní agbègbè yìí. Ó jọ pé "mè" inú wọn ni "n kò" ti Yorùbá àjùmọ̀lò, ó sì ní ìbátan nínú èdè Èkìtì àti Oǹdó. Bí a bá tú Mepaiyeda, "n kò pa ayé dà" ni yóò jáde, gbólóhùn odindi tó dún bí èsì sí ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Medaiyese wà láàárín orúkọ David Medaiyese Jemibewon, ọmọ Ìjùmú tó ṣe gómìnà ológun Ọ̀yọ́ títí di 1978. Àkọtọ́ 1974 ti sọ "aiye" di "ayé", ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé kò gbà fún un. Lónìí, orúkọ bàbá ni oní-Mè sábà máa ń jẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fi sọ ọmọ tuntun.

Ipa ẹ̀sìn

Ní 1908 ni SIM (Sudan Interior Mission), ẹgbẹ́ àwọn ajíhìnrere Kristẹni, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìyàgbà, orúkọ inú Bíbélì sì tẹ̀ lé e. Àwọn Kátólíìkì ń sọ orúkọ ẹni mímọ́ àti ti póòpù: Pius ni òǹkọ̀wé Adésanmí (1972–2019), ọmọ Ìsánlú, ń jẹ́. Orúkọ Sunday Bolorunduro Awoniyi, tó jẹ oyè Àró ní ìlú Mọ̀pà, tí wọ́n bí ní 1932, kó ìtàn náà jọ: Sunday jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, Bólọ́runduró jẹ́ ti ìgbàgbọ́, Awóníyì sì jẹ́ ti awo. Lẹ́yìn náà, àwọn ìdílé kan yọ Awo tàbí Ifá kúrò, wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò. Ifábùnmi di Jésùbùnmi, "bùnmi" kò sì kúrò níbi tó wà. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, Bello àti Musa wọ́pọ̀.

Lọ́wọ́lọ́wọ́

Tèmilolúwa, Olúwadarasími àti Mofìyìnfólúwa ló ń gbòde, pẹ̀lú Favour àti Divine. Nínú ilé, Tèmi tàbí Dára ni wọ́n ń pe ọmọ. Mofìyìnfólúwa tí wọ́n sọ ní Kàbà kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn. Ohùn Òkun kò sí nínú rẹ̀. Ìbejì nìkan ni kò sí àríyànjiyàn lórí orúkọ wọn: Táyé àti Kẹ́hìndé náà ni, Favour ìbáà wà níwájú.