Bí Ìmọ̀ Ìhun Gbólóhùn Èdè Ṣẹ́ẹ̀kì Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Yunifásítì

Ọdún 1348 ni Ọba Charles Kẹrin dá yunifásítì sílẹ̀ ní ìlú Prague, olú-ìlú ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ṣùgbọ́n ó ju irínwó ọdún lọ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó yan ọ̀jọ̀gbọ́n fún èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, tí í ṣe èdè ilẹ̀ náà gan-an, níbẹ̀. Láátììnì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Nígbà tí Ọba Joseph Kejì sì mú un kúrò ní ọdún 1784, èdè Jámánì ni ó gba ipò rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀ka gírámà Ṣẹ́ẹ̀kì, ìmọ̀ ìhun gbólóhùn, èyí tí àwọn tí ó ni èdè ń pè ní skladba, ni ó pẹ́ jù kí ó tó rí ẹsẹ̀ dúró sí. Ohun tí ó sì jọ mí lójú ni pé àwọn tí ó tì í síwájú jù lọ kì í sábà jẹ́ àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti kọ́ni ní èdè Ṣẹ́ẹ̀kì.

Ìwé gírámà àkọ́kọ́ fún èdè náà jáde ní ìlú Náměšť ní ọdún 1533, àkọtọ́ àti ìrísí ọ̀rọ̀ sì ni ó jẹ àwọn tí ó kọ ọ́ lógún. Ní ọdún 1603 ni Vavřinec Benedikt, ọmọ Nudožery ní ilẹ̀ Slovakia, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní èdè Láátììnì. Ó tẹ̀lé ìlànà Petrus Ramus, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ó pín iṣẹ́ náà sí apá méjì, ó sì ya apá kejì sọ́tọ̀ fún bí ọ̀rọ̀ ṣe ń so mọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní yunifásítì Prague, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò wà lára ohun tí ó ń kọ́ni níbẹ̀, kì í ṣe gírámà èdè Ṣẹ́ẹ̀kì.

Ogun Òkè Funfun ti ọdún 1620, níbi tí ọba ìdílé Habsburg ti Austria ti ṣẹ́gun àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì, yí ipò èdè náà padà sí búburú láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí èdè Ṣẹ́ẹ̀kì máa wọ yunifásítì, Vienna, olú-ìlú àwọn ọba Austria tí ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, ni ó gbà wọlé: Josef Valentin Zlobický ni wọ́n yàn sípò níbẹ̀ ní ọdún 1775, František Martin Pelcl, tí í ṣe onítàn, sì gba irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Prague ní ọdún 1793. Ìjọba kò ṣe èyí nítorí ìfẹ́ ìmọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àlùfáà àti ọ̀gá ológun lè bá mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀. Josef Dobrovský, ẹni tí gírámà rẹ̀ ti ọdún 1809 borí gbogbo èyí tí ó ṣáájú, kò jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n rí. Èdè Jámánì ni ó fi kọ ìwé náà, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sì ni òkìkí rẹ̀ dá lé.

Ọdún 1863 ni Vácslav Zikmund gbé odindi ìwé kalẹ̀ lórí skladba. Ní ọdún 1882 wọ́n pín yunifásítì Prague sí méjì, ọ̀kan fún Ṣẹ́ẹ̀kì, ọ̀kan fún Jámánì, Jan Gebauer sì di òpó ìmọ̀ èdè ní apá Ṣẹ́ẹ̀kì. Òun ni ó fi gírámà fi hàn ní ọdún 1886 pé ayédèrú ni àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi yangàn gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́, ó sì jẹ èébú púpọ̀ nítorí rẹ̀. Ó kó àpẹẹrẹ jọ láti inú ìwé àtijọ́ fún gírámà ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní ọdún 1907 kí apá tí ó jẹ mọ́ gbólóhùn tó jáde. František Trávníček ni ó tò ó jọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1929.

Ní ọdún 1929 kan náà ni Vilém Mathesius kọ àpilẹ̀kọ kan nípa gbólóhùn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Mathesius. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ ní àwọn ọdún 1920 débi pé ẹlòmíràn ni ó ń kàwé sí i létí, síbẹ̀ inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè ti Prague ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1926, Roman Jakobson, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, sì wà níbẹ̀. Bí ó ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì wé èdè tirẹ̀ ni ó rí ohun tí àwọn onígírámà Ṣẹ́ẹ̀kì kò tíì là yé ara wọn: pé ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nínú Petr miluje Marii, tí ó túmọ̀ sí pé Pétérù fẹ́ràn Màríà, ìparí ọ̀rọ̀ Marii ti fi hàn pé òun ni àbọ̀, nítorí náà a lè gbé e síwájú láìsí pé ìfẹ́ náà yí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Marii miluje Petr ń dá ẹni tí ó béèrè olólùfẹ́ Màríà lóhùn. Ohun tí a ti mọ̀ ṣáájú, ohun tuntun gbẹ̀yìn. Àwa Yorùbá a máa lo ọ̀rọ̀ “ni”, a ó sì wí pé Pétérù ni ó fẹ́ràn Màríà. Àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì kàn gbé ọ̀rọ̀ sí òpin ni. Ní ọdún 1939 ni Mathesius gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún èdè Ṣẹ́ẹ̀kì nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ náà.

Òmìnira yìí ní ààlà, akẹ́kọ̀ọ́ sì tètè ń bá a pàdé. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí jsem àti se kì í kúrò ní ipò kejì: včera jsem se vrátil ni a ń wí fún “mo padà dé lánàá”, ṣùgbọ́n tí a bá yọ včera, ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò bọ́ síwájú, ó di vrátil jsem se.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Bélú ọdún 1939, ìjọba Násì ti gbogbo yunifásítì Ṣẹ́ẹ̀kì pa, wọn kò sì ṣí padà títí di ọdún 1945, ọdún tí Mathesius kú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Vladimír Šmilauer gbé Novočeská skladba jáde, ìwé tí ọ̀pọ̀ ìran akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ bí a ṣe ń tú gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, kí a sì fi àwòrán hàn èyí tí ó gbára lé èkejì. Ní ìlú Brno, Jaroslav Bauer àti Miroslav Grepl kọ ìwé tiwọn. Níbẹ̀ náà ni Jan Firbas, onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ti mú èrò Mathesius gbòòrò sí i.

Petr Sgall bẹ̀rẹ̀ sí fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wo gbólóhùn ní Prague. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Kọ́múníìsì kò fẹ́ rí i mọ́ ní ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1968, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì ni ó gbà á, ibẹ̀ sì ni òun, Eva Hajičová àti Jarmila Panevová ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Láti ibẹ̀ ni àkójọ gbólóhùn tí wọ́n tú sí ẹ̀ka ti jáde ní ọdún 2001, ó tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ọ̀rọ̀, àṣà Šmilauer sì hàn nínú bí wọ́n ṣe so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra. Èdè Ṣẹ́ẹ̀kì wà lára èdè 10 tí Universal Dependencies, iṣẹ́ àgbáyé tí ń tú gbólóhùn onírúurú èdè lọ́nà kan náà, fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, àwọn ará Prague sì wà lára àwọn tí ń darí rẹ̀. Èdè Yorùbá ti wà nínú àkójọ náà báyìí, gbólóhùn Bíbélì sì wà lára ohun tí wọ́n tú fún un.