Káàdì Ọwọ́ Ìyá: Ìmẹ̀sí-Ilé Ló Ti Wá

Bí ìyá ọmọ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní Kubwa, Lugbe tàbí Nyanya ní Àbújá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu nọ́ọ̀sì ni, “Ìyá, káàdì dà?” Bó bá jẹ́ Háúsá ni nọ́ọ̀sì ọ̀hún, á ní “Ina kati?” Láti ibẹ̀ dé Kánò, dé Sókótó, ọ̀pọ̀ abiyamọ ló mọ páálí náà: ọjọ́ ìbí ọmọ wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti gbà àti èyí tó kù wà níbẹ̀, ìyá ló sì ń gbé e relé. Ẹ bi àwọn èèyàn léèrè ibi tó ti wá, wọ́n á ní UNICEF ló gbé e dé, tàbí ìjọba Àbújá. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìmẹ̀sí-Ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti fi ìwé ìlera ọmọ lé ìyá lọ́wọ́ lọ́nà tí gbogbo ayé wá tẹ̀ lé.

Ká tó dé Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn baba wa ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àìsàn nígbà tí kò sí bébà. Ifá ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yà sí. Ojú odù jẹ́ 16, àmúlù jẹ́ 240, àpapọ̀ wọn 256. Babaláwo á tẹ ẹyọ kan tàbí méjì sínú ìyẹ̀rosùn nígbà mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, odù á sì jáde. Látìgbà yẹn, kò ní máa wá gbogbo ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ kiri mọ́. Inú odù yẹn nìkan ni yóò ti máa ki ẹsẹ. Ẹ tún wo bí ẹsẹ Ifá ṣe ń lọ: awo tó dífá, ẹni tó wá dáfá, ohun tó ká a lára, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u àbí ó kọ etí ikún sí i, àti bó ṣe já sí. Ohun mẹ́fà yìí kan náà ni dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ sínú fáìlì títí dòní. Ìkarùn-ún, ìyẹn bóyá aláìsàn lo oògùn náà lóòótọ́, ni àwọn dókítà ìsinsìnyí sábà máa ń fò, Ifá kì í sì í fò ó.

Ibi tí Ifá kù sí ni pé wọ́n ń nu ojú ọpọ́n. Ọ̀ràn ẹni tó dáfá láàárọ̀ yìí kì í wà ní àkọsílẹ̀ fún ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n a ní ibòmíràn tí a ń kọ tirẹ̀ sí, orúkọ ọmọ nìyẹn. Ìgè fi ẹsẹ̀ jáde. Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn. Àjàyí dojú bolẹ̀. Ọ̀kẹ́ wà nínú àpò nígbà tí wọ́n bí i. Ọmọ́pẹ́ kọjá ọjọ́ rẹ̀ nínú oyún. Olúgbódi ní ìka mẹ́fà. Àgbẹ̀bí tó gbọ́ Yorùbá, tó bá rí obìnrin tó lóyún ní Mararaba tó ní àkọ́bí òun ń jẹ́ Ìgè, èkejì ń jẹ́ Kòkúmọ́, ti mọ̀ pé ọmọ kan ti fi ẹsẹ̀ jáde rí àti pé ikú ti wọlé rí, kó tó ṣí ìwé kankan. Orúkọ yìí ò ṣeé sọnù, òjò ò lè pa á, ọmọ ló sì ń gbé e kiri. Mo gbà pé ìdí nìyí tí káàdì fi tètè rọ àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà lọ́rùn nígbà tó dé. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ọmọ àti ìyá ni ìtàn àìsàn ọmọ ń gbé. Kò sí ẹni tó lè fi ìwé ẹ̀rí gbe èyí lẹ́sẹ̀, èmi ò sì rí èyí tó tà á yọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa ará Àríwá máa ń tọ́ka sí Sókótó, pé Sultan Muhammad Bello tó jọba láti 1817 sí 1837 ti kọ ìwé lórí ìṣègùn. Òótọ́ ni, ó sì dáa. Àmọ́ ìwé oògùn nìyẹn. Kò sí orúkọ aláìsàn kan níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn lóṣooṣù. Àwọn tó kàwé lókè òkun á sì ní Henry Plummer ni, ẹni tó ṣètò fáìlì kan fún aláìsàn kan ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ní 1907. Orí pẹpẹ ọsibítù ni fáìlì tirẹ̀ ń gbé, ohun tí à ń sọ kọ́ nìyẹn.

Ní 1956 ni dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild, ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ní Iléṣà. Lọ́dún kejì rẹ̀, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn láti ọjọ́ ìbí. Ìmẹ̀sí-Ilé kì í ṣe ìlú yẹpẹrẹ o. Ibẹ̀ ni Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ìlú tó ti rí bí ìwé ṣe ń dá ìbọn dúró ni wọ́n gbé ìwé ìlera wá.

Ohun tó ń pa ọmọ nígbà náà ni ibà, ìgbẹ́ gbuuru, measles, àti àìjẹunre-kánú tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn yòókù. Èyí tó le níbẹ̀ ni pé ọmọ tó ń rù kì í tètè hàn sí ojú. Ìyá tó ń rí i lójoojúmọ́ ò ní mọ̀, nọ́ọ̀sì tí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà ò ní ráyè ka ìwé gígùn. Nọ́ḿbà ìwọ̀n tó wà lóun nìkan ò sì sọ nǹkan kan: kílò mẹ́jọ dára fún ọmọ oṣù mẹ́jọ, ewu ni fún ọmọ ọdún méjì. Nítorí náà, wọ́n fi àmì àti ìlà dípò ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá máa rí i bóyá ìlà ń gòkè.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Ìsàlẹ̀ káàdì ní àpótí kéékèèké 60, oṣù 12 fún ọdún márùn-ún. Wọ́n fi ìlà tó nípọn yí àpótí àkọ́kọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan ká. Oṣù ìbí ọmọ ni nọ́ọ̀sì máa kọ sínú àpótí márààrún yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó fi oṣù tó kù kún àwọn tó tẹ̀ lé e. Látọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún ní í ṣírò ọjọ́ orí mọ́. Bó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án ni ìyá wá, nọ́ọ̀sì á wá oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn nísàlẹ̀, á gòkè tààrà dé ibi tí ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi àmì síbẹ̀, á sì fà á mọ́ ti oṣù tó kọjá. Ìlà méjì ni wọ́n ti tẹ̀ sórí káàdì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ojú ọ̀nà ìlera ni àárín wọn. Ibi tí àmì bọ́ sí ò ṣe pàtàkì tó ibi tí ìlà kọjú sí. Ọmọ tó kéré tí ìlà rẹ̀ ń gòkè sàn ju ọmọ tó sanra tí tirẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ fún oṣù méjì.

Ìyá ló ń mú káàdì náà relé nínú àpò ọ̀rá tó nípọn, kí òjò àti epo má bàa bà á jẹ́. Àwọn kan rò pé àwọn ìyá á sọ ọ́ nù. Ọwọ́ ìyá pa á mọ́ dáadáa ju yàrá káàdì ọsibítù lọ. Nígbà tí wọ́n wá fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí, ìlú tó múlé gbè é tí kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ikú ọmọdé kéré sí i ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ìtàn ìyókù ò gba àkókò. Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961, ó ń kọ́ àwọn dókítà tó ń wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀, káàdì sì bá wọn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ tirẹ̀ jáde ní 1978. UNICEF fi ìwọ̀n ọmọ sí iwájú ètò rẹ̀ ní 1982. Ní 2006 Àjọ Ìlera Àgbáyé pààrọ̀ ìlà náà, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin tó dá ìgbìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ìlera sílẹ̀ jáde ní 1989, ọdún yẹn náà ni Ifásitì Ifẹ̀ àti àwọn ará Finland bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà fún ọsibítù ní Ilé-Ifẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 sì pàṣẹ pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá tọ́jú. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní Àbújá àti Àríwá níbí, nǹkan mélòó kan wà tó ń ba káàdì jẹ́. Ọyẹ́ ni ti àkọ́kọ́. Ọmọ oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá kì í fi púpọ̀ ju 200 sí 300 gíráàmù lọ lóṣù. Súwẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ lè wọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wọn ọmọ taṣọtaṣọ ní oṣù kejìlá, ìlà á gòkè nígbà tí ọmọ ò fi nǹkan kan kún. Bó bá di oṣù kẹta tí ooru mú, ìlà á já wálẹ̀, wọ́n á sì dá ìyá lẹ́bi lórí asán. Kí wọ́n bọ́ ọmọ sí pátá nìkan, kí wọ́n sì wo ọwọ́ ìwọ̀n ìsokọ́ bóyá ó wà lórí òdo lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ṣòkòtò ìwọ̀n kọ́ ọ.

Orúkọ ni ìkejì. Muritala tiwa ni akọ̀wé Háúsá máa kọ ní Murtala, Rukayat á di Rukayya, Fatimo á di Fatima. Ẹni tó ń jẹ́ Ibrahim Musa lánàá lè di Musa Ibrahim lónìí, nítorí orúkọ baba ni èkejì, kì í ṣe ti ẹbí. Ọmọ kan á ní nọ́ḿbà méjì nínú rẹ́jísítà. Kí wọ́n wo ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá àti nọ́ḿbà fóònù pa pọ̀ kí wọ́n tó ṣí ojú ewé tuntun. Bí ìyá ò bá mọ oṣù ìbí, kí wọ́n bi í léèrè: ṣé ṣáájú Iléyá ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé òjò ti ń rọ̀? Ọdún wo ni Iléyá ọ̀hún? Ọjọ́ Iléyá ń yí padà lọ́dọọdún, bí ẹ ò bá mọ ọdún tó jẹ́, ẹ ò lè mọ oṣù. Kíkọ oṣù kìíní fún gbogbo ẹni tí kò mọ̀ ni ó máa ń ti gbogbo ìlà kúrò ní ààyè rẹ̀.

Àpótí ìránnilétí náà wà, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń gbójú fò: páálí 12 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà káàdì ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì wà lẹ́yìn oṣù tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kàn. Bí ọmọ bá ti gbà á, wọ́n á sún ẹ̀dà náà sí oṣù tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ míì kàn. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oṣù náà nígbà tó bá parí ni ọmọ tí kò wá, wọ́n á sì pe ìyá rẹ̀.

Ìyá tó bímọ ní Ìbàdàn, tó gbé ọmọ padà sí Lugbe, ni káàdì ń ṣe àǹfààní fún jù. Bó bá sọ ọ́ nù, kí ó pe ibi tó ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n ka ọjọ́ tó wà nínú rẹ́jísítà fún un. Nọ́ọ̀sì á kọ wọ́n sórí káàdì tuntun, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dà ni. Á wo àpá BCG, ìyẹn abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, lókè apá òsì, ṣùgbọ́n kò ní gbára lé e nìkan, nítorí ọmọ mìíràn ò ní í ní àpá. Abẹ́rẹ́ tí kò sí ẹ̀rí rẹ̀ níbì kankan, kí wọ́n kà á sí èyí tí kò gbà. Kí wọ́n sì kọ nọ́ḿbà rẹ́jísítà àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ kan á di méjì nínú iye tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù.