Ta ló dínà fún Beatles lọ́dún 1967?

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé orin ẹgbẹ́ olórin Beatles tó ń jẹ́ "Penny Lane" kò dé ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, lórí àtẹ orin tó ń tà jù tí wọ́n kà sí ojúlówó lónìí. Oṣù kejì ni àwo náà jáde, "Strawberry Fields Forever" sì wà lójú kejì rẹ̀. Láti oṣù kẹrin 1963, àwo tí Beatles bá ti gbé síta, ipò kìíní ló ń bọ́ sí. Eléyìí wá dúró sí ipò kejì, nítorí Engelbert Humperdinck ti fi "Release Me", orin ìfẹ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, jókòó síwájú fún ọ̀sẹ̀ 6 gbáko. Àìsàn ẹlòmíì ló sì là á lọ́nà: Dickie Valentine tó yẹ kó kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n láti gbọ̀ngàn eré London Palladium kò lè wá, ni wọ́n bá sáré pe Humperdinck.

Ìbéèrè: Irú orúkọ wo nìyẹn?

Ìdáhùn: Orúkọ òkú ni! Dorsey lorúkọ ìdílé rẹ̀, Madras ní Íńdíà ni wọ́n ti bí i. Mánéjà rẹ̀, Gordon Mills, ló yá a lórúkọ ará Jámánì tó kọ ọpẹra Hänsel und Gretel, tó ti kú ní 1921.

Ìbéèrè: Wọ́n ní Bach, ará Jámánì tó kọ orin láyé àtijọ́, náà wà nínú "Penny Lane". Báwo?

Ìdáhùn: Orin Bach kọ́, fèrè rẹ̀ ni. Lóṣù kìíní, Paul McCartney, ọ̀kan lára Beatles, ń wo BBC nígbà tó rí David Mason tó ń fọn trumpet kékeré kan, tí ohùn rẹ̀ ń ta ṣóńṣó, nínú Brandenburg Concerto kejì tí Bach kọ. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Mason fi dé ilé ìgborinsílẹ̀ tó wà ní Abbey Road. Kò bá ìwé orin kankan níbẹ̀ o. McCartney ń fẹnu kọ ọ́, George Martin tó ń bá wọn ṣe àwo ń kọ ọ́ sílẹ̀, Mason ń fọn ún. Ibẹ̀ ló dùn jù nínú orin náà létí tèmi.

Ìbéèrè: Ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bach parí sí?

Ìdáhùn: Rárá. Lóṣù kẹfà, ẹgbẹ́ olórin Procol Harum gba ipò kìíní pẹ̀lú "A Whiter Shade of Pale", ọ̀sẹ̀ 6 lòun náà lò. Ẹni tó bá mọ Bach á dá ìró dùùrù rẹ̀ mọ̀. Matthew Fisher tó ta dùùrù ọ̀hún pẹjọ́ pé òun náà ló ni orin, ó sì jàre ní 2009. Bach kò ní lọ́yà níbẹ̀.