Káàdì Oògùn Tí Màmá Ò Já

Ọjọ́ klíníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Màmá jókòó síwájú mi, ẹ̀rọ ka 180 lórí 110. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà ti fi kún oògùn wọn.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń lò ó?"

"Mò ń lò ó, ọmọ mi."

Wọ́n tú báàgì. Nínú oògùn oṣù méjì, káàdì kan péré ni wọ́n ti já. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní orí àwọn ń gbóná, bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀.

A mọ èèrà yẹn dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ wa. Àwa Yorùbá kì í sábà dé ọsibítù ká ní ìbànújẹ́ ló gbé wa wá. Orí gbígbóná, àyà jíjá àti ara ríro la máa ń kà sílẹ̀. Wọ́n á fún wa ní oògùn ibà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú yín ń bàjẹ́ ṣáá? Ṣé ohun tó máa ń wù yín ò wù yín mọ́? Wọ́n ní àwọn ò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti kú, aago méjì òru sì lojú àwọn ń là.

Bí ìdààmú ò bá lọ, ara á rò pé ogun dé. Á tú kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ara ń pèsè nígbà ìdààmú, sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ẹ̀dọ̀ á máa tú ṣúgà sílẹ̀ fún eré tí ẹnikẹ́ni ò sá. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, káàdì tí wọn ò já ló ń ṣèpalára jù. Ẹni tí ayé sú, ta ló fẹ́ máa rántí oògùn?

Ó ń ti ẹ̀gbẹ́ kejì wá náà, láti ara sí ọkàn. Ìbànújẹ́ tó le máa ń bá onítọ̀ ṣúgà tó ìlọ́po méjì ẹni tí kò ní in. Oògùn ọpọlọ bíi olanzapine sì máa ń múni sanra, ṣúgà á gòkè. Àwọn ẹbí á máa dúpẹ́ pé ara aláìsàn ti yá. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ yẹ ṣúgà ẹ̀ wò. Àmọ́ ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró.

A ò fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kẹrin kún ti Màmá. A pe ọmọ wọn obìnrin kó máa fún wọn lóògùn, a sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà ọpọlọ. (Ní Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ní 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ìbátan bá aláìsàn wá.) Lọ́sẹ̀ kẹfà, 148 lórí 90. Wọ́n ní ìrun àsùbáà bá àwọn lójú oorun.